Òṣùwọ̀n Dókítà Clement

Bí ẹ bá fẹ́ kí Clement dá yín lóhùn ní àdúgbò Borokiri, ẹ má pè é ní Clement. Ẹ má pè é ní Bàbá Káyọ̀ pẹ̀lú, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló láyà irú ìyẹn. Dókítà ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá wá fẹ́ kó fún yín ní àga jókòó, ẹ fi oríkì tó fún ara rẹ̀ lé e: Dókítà Ìwọ̀n, a-sọ-ìyá-ńlá-dọmọge, ọ̀tá ikùn, ọ̀gá ìbàdí, ọkọ òṣùwọ̀n.

Níbo ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà? Wọ́ọ̀fù ni. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi jókòó ti ìwọ̀n ńlá ní ilé ìkẹ́rùsí kan létí omi, tó ń wọn àpò ìrẹsì àti àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ohun kan ṣoṣo tó rí mú lọ sílé ni òṣùwọ̀n pupa kékeré kan, irú èyí tí èèyàn ń fẹsẹ̀ méjèèjì gùn, tí kúùkù ọkọ̀ ojú omi kan gbàgbé sílẹ̀. "Kápútéènì ló fi ta mí lọ́rẹ," ni Clement máa ń wí. Kí òṣùwọ̀n tó délé ni kúùkù ti di kápútéènì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá wọn àpò fún ọdún mọ́kànlá mọ nǹkan kan dájú: àpò ìrẹsì tí òjò pa á wúwo ju èyí tó gbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì inú rẹ̀ kò fi hóró kan lé. Clement mọ èyí bí ẹní mowó. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀, Safurat, ló jẹ́ kó mọ ohun tó lè fi ìmọ̀ náà ṣe, ẹja ló sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹja dín nínú ìkòkò. Clement ní kí Safurat gun òṣùwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni obìnrin náà. Lọ́jọ́ yìí, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rin.

"Kílò méjì!" Clement figbe ta. "Safurat, ọwọ́ bà ọ́! Ẹja mi rèé lára rẹ!"

"Ẹja wo? Bàbá Káyọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Nǹkan oṣù mi ló fẹ́ dé. Tó bá ti ku bí ọjọ́ mẹ́rin, ara mi á wú, ọmú á máa ro mí, bùbá á fún. Omi ni. Tó bá ti dé, omi á lọ."

"Omi?"

"Omi ni mo wí. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa tó ń ṣe pọ̀. Ẹ tún mi wọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ rí i."

Ó tún un wọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Safurat kò gbààwẹ̀, kò mu àgbo, ẹ̀bà rẹ̀ kò sì fi òkèlè kan dín.

Ọkọ mìíràn ì bá tọrọ àforíjì nítorí ẹja. Clement kò ráyè ìyẹn. Ó jókòó síwájú òṣùwọ̀n, ó ń wò ó bí ẹni tó he àpò owó lójú títì.

Báyìí ni oògùn Sọ̀kalẹ̀ ṣe dáyé. Omi ewúro ni, pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀ kó lè ta lẹ́nu, nítorí oògùn tí kò bá ta lẹ́nu, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ṣùgbọ́n a kì í déédéé mu Sọ̀kalẹ̀. Obìnrin á kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Clement á ṣí ìwé rẹ̀ ẹlẹ́yìn dúdú, á ka ọjọ́, á di ojú kan, á ní: "Oṣù òkè àti oṣù ara ò tíì pàdé. Ẹ padà wá ní Tọ́sìdé."

Tọ́sìdé yẹn gan-an ni ara obìnrin náà máa wú jù. Á gun òṣùwọ̀n, á bú sí igbe. Á gba ìgò, á mu ún fún ọjọ́ méje. Nígbà tó bá fi máa padà wá, àlejò oṣù ti wá, ó ti ń lọ, ó sì ti bá omi lọ. Kílò kan á ti dín, nígbà mìíràn méjì. Obìnrin á jó yí òṣùwọ̀n ká, á máa súre fún Dókítà.

Bó bá di oṣù kejì tí kílò bá padà dé ńkọ́? Clement ti ní èsì nílẹ̀.

"Mádàámù, kí lẹ jẹ?"

Ta ni kò ní rántí nǹkan kan tó jẹ?

"Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin lẹ jẹun. Sọ̀kalẹ̀ ò jẹun."

Obìnrin á tẹrí ba bí olè tí wọ́n ká mọ́ abà, á tún gba ìgò mìíràn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, Clement kì í béèrè owó gọbọi. Ohun jíjẹ ló ń gbà. Ó ní òṣùwọ̀n kì í gbọ́ ti ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ẹja gbígbẹ wọlé, edé wọlé, iṣu wọlé, ìsáwùrú etí omi wọlé nínú agbọ̀n. Oúnjẹ tí obìnrin mẹ́tàdínlógún ń sá fún, ilé Clement ló ń sá wá. Bẹ́líìtì rẹ̀ lo ihò tó ní tán. Ó fi ìṣó lu méjì sí i.

Ibiere, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹja tútù lẹ́nu ọ̀nà, máa ń ka agbọ̀n bó ṣe ń wọlé.

"Doctor," ó bi í lọ́jọ́ kan, "dis fish wey all dis women no wan chop, na who dey chop am?"

"Ibiere, na medicine matter. You no go understand."

"I understand fish," Ibiere dáhùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wo ikùn Dókítà tìfura-tìfura, á ṣí ojú ewé kìn-ín-ní ìwé dúdú náà, á sì fi hàn án. Orúkọ Clement ló wà lókè pátápátá: kílò méjìléláàádọ́rin, kò lé, kò dín. "Èmi ni Sọ̀kalẹ̀ kọ́kọ́ wò sàn," á wí. "Ẹ̀wù ni ẹ̀ ń rí." Kò sẹ́ni tó rí i lórí òṣùwọ̀n rí.

Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń jẹ òkúta wẹ́wẹ́, ó ní òun ò ní eyín. Clement ní ilé tó kún fún ẹja, ó ní òun ò níyì. Ohun tó wá ń gba oorun lójú rẹ̀ ni yàrá kan. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lájò níbí ń kọ́ gbọ̀ngàn sí Eliozu, lápá kejì ìlú, yàrá kan sì wà níbẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lè rí. Clement fẹ́ kí ẹgbẹ́ fún òun ní yàrá náà, kí wọ́n sì fi òun joyè Olórí Ìṣègùn. Kódà, ó ti ní kí wọ́n bá òun kun sáìnbọ́ọ̀dù.

Alága ẹgbẹ́, Múrítàlá, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ènìyàn tó ti ṣí àpótí oríṣiríṣi ní etí omi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ bọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹgbẹ́ ò lè torí ẹnu fún yín ní yàrá," ó wí. "Ẹ mú obìnrin mẹ́wàá wá. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n wọ́n níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ká tún wọ̀n wọ́n. Bí wọ́n bá fúyẹ́, ẹ ti jẹ yàrá. Bí wọn ò bá fúyẹ́, ká má gbọ́ dókítà lẹ́nu yín mọ́."

Inú Clement dùn débi pé ó gbàgbé láti dúnàádúrà. Ọjọ́ méje! Ohun tó ń gbàdúrà fún gan-an ni. Ó délé, ó ṣí ìwé dúdú, ó sì fara balẹ̀ ṣa obìnrin mẹ́wàá tí nǹkan oṣù wọn ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan náà. Serifat ló fi ṣáájú, ìyàwó ọlọ́pàá kan ní Eliozu, obìnrin tó gba Sọ̀kalẹ̀ gbọ́ ju bó ṣe gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ lọ.

Ní Sátidé tí wọ́n dá, gbọ̀ngàn kún. Òrùlé ti wà, fèrèsé ò tíì sí, àpò sìmẹ́ńtì ṣì tò sí igun. Àgùnbánirọ̀ kan, Moríyọ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, jókòó pẹ̀lú ìwé. Serifat gun òṣùwọ̀n: kílò mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn búra pé àwọn ò ní fẹnu kan ẹ̀bà alẹ́ títí wọn ó fi tún wọn àwọn.

Ó yẹ kí Clement jókòó níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ètè àìmétè, àwọn àgbà ní òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó bọ́ sí àárín.

"Kílò tí Sọ̀kalẹ̀ bá lé lọ, kì í padà mọ́! Ẹ wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ méje, ẹ wọ̀n wọ́n lóṣù kan, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́dún kan! Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Moríyọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí, Dókítà?" ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ọpọlọ mi ni! Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ẹ wo ìyàwó mi tó jókòó yẹn. Kí ló mọ̀? Ẹja yíyan ni."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Safurat náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé.

Múrítàlá gbé òṣùwọ̀n, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí wọ́n ti ń ṣe ní kọ́sítọ́ọ̀mù nìyẹn, ó ní, ẹrù tí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá tíì parí kì í wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìgbà yìí ni Moríyọ̀ gbójú sókè láti ara kàlẹ́ńdà.

"Alága, ọjọ́ méje òní, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni. Ọjọ́ Sanitéṣọ̀n."

Ayé ológun la wí yìí. Ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ayé jókòó sílé kó gbálẹ̀ kó kó gọ́tà, ẹni tí sójà bá rí lójú títì á fò bí ọ̀pọ̀lọ́ débi tí orúnkún rẹ̀ bá gbà á.

"Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń tú wa sílẹ̀, Alága," Clement sáré wí. "Ẹ jẹ́ ká pàdé ní mọ́kànlá!"

"Aago mẹ́wàá yẹn lọkọ̀ mi ń gbéra lọ sí Èkó. Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n pè mí sí." Múrítàlá gbọn kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Sátidé tí mo bá dé ni ká fi sí. Ẹ kúkú ní kì í padà, lọ́dún kan pàápàá."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Clement náà pàtẹ́wọ́, ó sì ń fi ìka kà á lábẹ́ agbádá. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù obìnrin fi ń yí po gan-an nìyẹn: ara wọn á tún ti wú. Ó ti ka oṣù obìnrin mẹ́wàá láìṣì í kà. Oṣù ìjọba ló gbàgbé láti kà.

Ọjọ́ méje kọjá, àwọn obìnrin fúyẹ́, kò sì sí òṣùwọ̀n tí wọ́n máa gùn. Àlàáfíà bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Alága dé, Clement wọ ọkọ̀ lọ sí Eliozu. Ó bá Serifat lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wọnú.

"Serifat, ọmọ dáadáa," ó bẹ̀rẹ̀. "Àlejò yẹn… ṣé kò lè tètè dé díẹ̀? Kó dé lónìí?"

"Dókítà, ṣé èmi ni mò ń wa ọkọ̀ rẹ̀ ni?"

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ẹ̀yin lẹ mọ oṣù òkè. Ẹ bá a sọ̀rọ̀." Serifat fa ìró rẹ̀. "Dókítà, ìró mi tún ti ń fún. Mo ti mu ìgò mẹ́rin. Láti oṣù kan, omi ni mo fi ń sùn lálẹ́. Tí mo bá ń dáná fún àwọn ọmọ, ojú mi á máa ṣú. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí ló ń ṣe ara mi? Ṣé èmi nìkan ni mo burú ni?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó dun Clement, ẹ jẹ́ ká fún un nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì, obìnrin náà ì bá sì dìde lọ tẹ ẹ̀bà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí sáìnbọ́ọ̀dù, ó gbé e mì.

"Ẹ fi kún atalẹ̀," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lálẹ́, ó bá Safurat nídìí ààrò. "Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ lọ bá wọn kó tó di Sátidé. Ẹ sọ pé omi ni."

"Kí n ní ìwọ lo kọ́ mi?"

"Ẹ má dárúkọ mi rárá. Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ, Bàbá Káyọ̀. Ẹ ṣáà sọ fún wọn."

Clement ronú, ó jẹ ẹja méjì sí i. "Ọ̀dà sáìnbọ́ọ̀dù ti gbẹ," ó dáhùn.

Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibiere pàápàá tẹ̀ lé Safurat wá, ó ní òun fẹ́ wo ibi tí ẹja òun ń já sí. Múrítàlá ṣí àpótí lójú gbogbo èèyàn, ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀.

Serifat gùn ún. Moríyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."

Obìnrin kejì fi kílò kan lé. Ẹ̀kẹta wà níbi tó wà. Ẹ̀kẹrin fi kílò kan lé. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀kẹwàá, ariwo ti ń sọ.

"Òṣùwọ̀n ti bàjẹ́!" Clement fò dìde. "Ooru àpótí ló bà á jẹ́!"

Múrítàlá ní kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kan wá láti igun. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ yí, ó dúró sórí àádọ́ta géérégé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sára àpò.

"Wọ́n jẹun nígbà náà! Ẹ̀bà ni! Ẹ̀bà alẹ́ ni!"

Serifat rọra yí padà. "Ta ló jẹun? Èmi?" Ó na ìka sí Clement. "Èmi tí mò ń febi sùn láti oṣù kan, ẹ ní mo jẹun?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Safurat dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èyí. Ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ta ni nǹkan oṣù rẹ̀ ń bọ̀ láàárín òní sí ọjọ́ mẹ́ta?"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ojú ń tì wọ́n. Serifat ló kọ́kọ́ nawọ́. Ìkejì na tirẹ̀, ìkẹta, títí ọwọ́ mẹ́wàá fi wà lókè.

"Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n yín ńkọ́?"

Ọwọ́ kan ò wálẹ̀.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Omi ni. Ara ń gba omi sára kí nǹkan oṣù tó dé, á wú. Tó bá dé, omi á lọ. Kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe àjẹjù, kò sì sí ẹni tó burú nínú yín. Ẹ má mu ìgò kankan. Ẹ padà wá gun nǹkan yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á fúyẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá Káyọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn."

Clement na ọwọ́ sí ìwé dúdú rẹ̀ tó gbé sórí tábìlì akọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ Moríyọ̀ ti ṣáájú. Àgùnbánirọ̀ náà ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "Serifat, ara máa wú ní Tọ́sìdé. Ìgò ní Tọ́sìdé. Ìyá Bashiru, ara máa wú ní Fúráìdé. Ìgò ní Fúráìdé…" Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé ni, kò sí èyí tó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ti àkọ́kọ́. "Dókítà Clement. Kílò méjìléláàádọ́rin. Kò lé, kò dín."

Gbogbo ojú kúrò lára ìwé, ó bọ́ sórí agbádá.

"Dókítà," Múrítàlá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún."

"Alága, ara mi ò yá lónìí."

"Ẹ gùn ún!" Ohùn obìnrin mẹ́wàá ni, ebi oṣù kan sì wà nínú rẹ̀.

Clement bọ́ bàtà. Ó gun òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú èèyàn. Ó tẹrí ba láti rí abẹ́rẹ́, ikùn ò jẹ́ kó rí i. Ó gba apá ọ̀tún wò, ó gba apá òsì wò, ikùn ló ń rí.

"Mélòó ni?" ó béèrè.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún," Moríyọ̀ kéde.

Ibiere pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Chei! Doctor! So na your own month dey come so?"

Ẹ̀rín bú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé tuntun. Àwọn ọkùnrin di inú mú, àwọn obìnrin ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Serifat ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń béèrè ẹni tó ní ẹ̀bà nítòsí. Clement kò lè sọ̀kalẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fún un lọ́nà. Ó wá ojú ìyàwó rẹ̀ kiri láàárín èrò, ó sì rí i.

"Safurat," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, "sọ fún wọn. Sọ fún wọn pé omi ni."

Safurat wò ó látòkè délẹ̀.

"Rárá o, Bàbá Káyọ̀," ó dáhùn. "Ẹja ni."